Ọkọ̀ Ogun Onígi Tí Kò Jẹ́ Kí Bọ̀ọ̀dá Mi Wálé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró sẹ́nu ìsọ̀ mi láti ọjọ́ tí mo ti dé, tẹ́ ẹ ń béèrè bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe rí, tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ tán tẹ́ ẹ ó gbọn aṣọ yín lọ láìra ife ike kan, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó kà á. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kó kọ́kọ́ ra garawa, n ó kà á fún un. Ìwé mẹ́fà péré lèmi náà kà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá máa tọ́ka àṣìkọ sí mi. Àṣìsọ kún ẹnu yín, n kò bá yín jà.

Ẹ mọ ìdí tí mo fi lọ, ṣùgbọ́n n ó tún un sọ nítorí àwọn tó máa ń gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Inú agbo ilé bàbá mi létí ọ̀sà, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ni mò ń gbé. Ilémosú ni mí. Ọkọ mi kú, mo di ẹrù mi, mo padà sí yàrá tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tí olórí ẹbí wa papò dà, Làmídì, àbúrò mi tí ìyàwó kejì bàbá wa bí, ní òun lòun máa jókòó sórí àga, pé tóun bá ti jókòó tán, ọwọ́ ẹ̀yìn ilé lòun máa kọ́kọ́ wó láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ẹ̀yìn ilé yẹn ni yàrá mi wà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀: Bọ̀ọ̀dá Ládépò, àkọ́bí bàbá wa, ọmọ ìyá mi. Bọ̀ọ̀dá ṣiṣẹ́ Néfì ilẹ̀ wa títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó kú síbẹ̀, òun náà jókòó síbẹ̀. Bí a bá pè é lórí fóònù, "Mò ń bọ̀" ló máa ń wí. Ó ti ń bọ̀ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ẹbí wá ní bí kò bá dé kó tó di Iléyá, Làmídì ló ni àga. Mo ní kò burú, èmi fúnra mi ni n ó lọ gbé e wá.

Àwọn ilé tó jọ ara wọn

Alibon ni wọ́n ń pe àdúgbò tí Bọ̀ọ̀dá ń gbé, ní Dagenham. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ilé gogoro ni gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ilé kúkúrú ni, bíríkì pupa, òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ so mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó títí dé òpin. Ẹni tó kọ́ wọn ya àwòrán ilé kan ṣoṣo, ó sì lọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jáde lọ da ilẹ̀ nù. Mo padà, mo ti ilẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀. Òyìnbó kan jáde láti ibi ìdáná pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó wò mí, mo wò ó. Mo rò pé àlejò Bọ̀ọ̀dá ni, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Ó ní, "Sọ́rì." Ilé rẹ̀ ni mo wọ̀, àga rẹ̀ ni mo jókòó lé, òun ló tún ń tọrọ àforíjì! Bó bá jẹ́ Ẹ̀pẹ́ ni, n kì bá ti máa kọ ìwé yìí fún yín, inú ọgbà ọlọ́pàá ni ẹ bá ti wá kí mi.

Sọ́rì yìí, ó sú mi. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn á ní sọ́rì. Bí wọ́n bá fẹ́ kọjá, sọ́rì. Ṣùgbọ́n èyí tó bí mi nínú jù ni ìkíni wọn. Wọn á béèrè pé ṣé dáadáa lo wà, kí o tó yanu pé orúnkún ọ̀tún ń dùn ọ́, wọ́n ti dé òdìkejì títì. Kí ni ẹ ń béèrè fún nígbà náà? Mo tẹ̀ lé ìyá kan títí dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti parí èsì mi fún un. Ó gbọ́ nípa orúnkún, ó gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, bọ́ọ̀sì dé, ó fò wọ̀ ọ́. N kò sì rò pé ibẹ̀ ló ń lọ.

Oúnjẹ, ebi ò pa mí. Iṣu wà, gàrí wà, àwọn ọmọ wa ti kó gbogbo ọjà sí Barking. Ata inú ọ̀rá wọn nìkan ni mo bá ní ẹjọ́. Ó pupa bí ẹni tó ń bínú, ṣùgbọ́n kò lè bú ẹnikẹ́ni. Bímbọ́, ọmọ Bọ̀ọ̀dá tó ń bá a gbé, ló ń dáná. Ọmọ dáadáa ni, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ro ọbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ kò sí nílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé. Ó ti gbẹ, fìlà Néfì wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú fún ọ̀dà bí ọwọ́ ẹni tó ń tún títì ṣe. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún díẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo wo aṣọ mi, ọ̀dà ti kún un.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n fẹ́ wó yàrá mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé."

Ó ní, "Súnbọ̀, n kò lè fi Fíránkì sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ la ń dí lọ́wọ́."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ ogun."

Mo jókòó. Mo rò pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan

Kò sí ogun. Ọkọ̀ ogun onígi kan ló wà ní ìlú kan létí òkun lọ́hùn-ún, ó ti dàgbà ju bàbá bàbá ẹnikẹ́ni tó wà láyé lọ. Ó ti jagun nígbà ayé rẹ̀, ó ti yin àgbá, ní báyìí wọ́n gbé e jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n fi igi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyá arúgbó tí wọ́n fi ìrọ̀rí tì. Kò lè léfòó mọ́. Àwọn bàbá arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ Néfì rí wá ní ṣẹ́ẹ̀dì ńlá kan lẹ́bàá odò kékeré tó ṣàn gba Barking kọjá, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ pákó fún un, tí wọ́n ń dí àárín rẹ̀, kí wọ́n tó kó o lọ bá a. Ọ̀fẹ́ ni o! Bọ̀ọ̀dá mi ń jí ní kùtùkùtù, ó ń wọ bọ́ọ̀sì nínú òtútù, ó ń lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan.

Mo bá a lọ. Igi kún ibẹ̀, òórùn ọ̀dà gbóná, ó sì rán mi létí etí ọ̀sà wa níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, n kò sì fẹ́ kó rán mi létí ohunkóhun, nítorí inú ń bí mi. Fíránkì ni olórí wọn. Òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́, irun imú rẹ̀ pọ̀ ju ti orí rẹ̀ lọ. Bímbọ́ tẹ̀ lé wa lọ́jọ́ náà, òun ló ń túmọ̀.

Mo ní, "Bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ náà gan-an."

Fíránkì ní òjò ń jẹ igi, kòkòrò ń jẹ igi, èyí tó bá jẹrà, wọn á yọ ọ́, wọn á fi tuntun sí i.

"Tí wọ́n bá wá pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ tán ńkọ́?"

Fíránkì rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ á ti jẹrà nígbà yẹn, wọn á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá wo òkè.

Mo ní, "Sọ fún un pé ike kì í jẹrà. Kí wọ́n fi ike kan án."

Bímbọ́ ní, "Àǹtí, I'm not saying that." Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀. Fíránkì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó rí i pé n kò ṣàwàdà, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ikú.

Ọ̀sán tó, ó fún mi lára oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́, ẹ di nǹkan mú. Ẹja tó gùn bí ejò ni, wọ́n gé e kélekèle, wọ́n sè é, wọ́n wá jẹ́ kó tutù títí omi rẹ̀ fi dì gbọ̀ngbọ̀n yí i ká bí ikun. Tútù! Ẹja tútù nínú ikun tútù, kò ní ata, kò ní nǹkan kan. Wọ́n ní oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn ni. Mo fi sẹ́nu nítorí ìtìjú, mo pa ojú dé, mo gbé e mì láìrún un. Fíránkì ní ṣé ó dùn. Mo ní, "Sọ́rì." Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìwúlò ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní ṣẹ́ẹ̀dì yẹn tó dá mi dúró ni èyí. Bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́bí, ẹni tó yẹ kí gbogbo ẹbí máa dọ̀bálẹ̀ fún, òun ló ń gbálẹ̀. Òun ló ń bu tíì fún Fíránkì. Ó ń fi òwú okùn dí àárín pákó méjì, ó ń fi òòlù onígi lù ú wọlé, Fíránkì á fi ìka tẹ̀ ẹ́, á mi orí, á ní kó yọ ọ́ kó tún un ṣe. Bọ̀ọ̀dá á ní, "Yẹ́ẹ̀sì, Fíránkì." Ó sì tún un ṣe!

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, láti ìgbà wo lẹ ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí?"

"Ó ti pẹ́."

"Ìgbà wo lẹ máa kọ́ ọ tán?"

"A kì í kọ́ ọ tán, Súnbọ̀."

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Ọmọ iṣẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá! Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, kò sì sí ẹbí kankan tó wá bá a ṣe fírídọ̀mù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, bí ẹbí rẹ̀ ò bá gbé obì àti ohun mímu wá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, kí ọ̀gá súre, kó gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ibẹ̀ ló máa darúgbó sí. Bọ̀ọ̀dá mi ti darúgbó síbẹ̀ lóòótọ́. Ta ni ì bá ṣe é fún un? Aya rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ kò mọ àṣà. Mo ní ó kù sọ́wọ́ mi.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Barking, tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tí àdúrà àti òòlù sì ń dún pa pọ̀. Mo gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo jáde, mo ra obì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú. Obì náà ti rọ díẹ̀. Òyìnbó ni yóò jẹ ẹ́, kí ló fẹ́ mọ̀?

Àwọn ará Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tó tún wà nílẹ̀ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ọkọ̀ ogun onígi tiwọn. Tiwọn kò dàgbà tó ti àwọn òyìnbó yìí, àmọ́ ó ṣì wà lójú omi, ó ń léfòó. Láyé àtijọ́, Néfì méjèèjì ti fi àgbá fọ́ ara wọn lójú rí. Ní báyìí, wọ́n ń bẹ ara wọn wò lọ́dọọdún láti máa bú ara wọn. Ẹnu yà mí. Ẹni tó jìnnà sí ọ tó báyìí, o wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a kó o lè sọ fún un pé ìyà ń jẹ ọkọ̀ rẹ̀?

Wọ́n dé ní ọjọ́ tí mo ti mú fún fírídọ̀mù. Bímbọ́ rí mi tí mò ń se ìrẹsì onítòmátì àti ẹran láti òwúrọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé àwọn àlejò ni mò ń sè é fún. Mo jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ́dì ni olórí àwọn ará Amẹ́ríkà, ọkùnrin gbàǹgbà, ohùn rẹ̀ ń dún bí jẹnẹrétọ̀ tí kò ní sàléńsà. Kò tíì wọlé tán tó fi kígbe pé, "Ọkọ̀ tiwa ṣì ń léfòó o!"

Fíránkì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pákó: "Nígbà tí tiwa ń jagun, igi tiyín ṣì wà nínú igbó!"

"Tiyín ti jókòó sílẹ̀ bí àga!"

"Tiyín ń jò!"

Wọ́n wá dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ẹ́dì rí mi, ó ní kí ìyá náà dájọ́, èwo ló dára jù. Mo ní, "Bímbọ́, sọ fún wọn pé èyí tó dàgbà kò lè wẹ̀, èyí tó lè wẹ̀ kò dàgbà. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, ẹ ó rí ọkọ̀ kan gidi nínú méjèèjì." Ẹ wo àtẹ́wọ́! Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kálukú gbà pé tòun ni mo yìn.

Ìdíje wọn ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dí àárín pákó kan, wọn á da ọ̀dà gbígbóná sí i, wọn á wá da omi lé e lórí. Èyí tí omi bá kán lábẹ́ rẹ̀, ó pàdánù, ẹgbẹ́ rẹ̀ á dé fìlà àwọn kejì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn àgbàlagbà! Àwọn bàbá ọmọ! Mo ti rí àwọn tó jà nítorí ilẹ̀, mo ti rí àwọn tó jà nítorí obìnrin, èyí tí wọ́n ń jà nítorí ihò pákó ni n kò rí rí. Omi kán lábẹ́ ti Ẹ́dì. Fíránkì jó. N kò lè pè é ní ijó, àmọ́ ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn.

Mo ní, inú ọ̀gá ti dùn. Àsìkò tó.

Fírídọ̀mù

Mo gbé àwo obì, mo gbé ìgò mọ́líìtì àti oyin sí i, mo rìn lọ sí iwájú Fíránkì, mo kúnlẹ̀ lórí ìyẹ̀fun igi.

Fíránkì pariwo. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ẹnì kan sáré lọ gbé àpótí oògùn wá, ẹlòmíràn ń fi fìlà fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú. Bímbọ́ ní, "Àǹtí mi, jọ̀ọ́, please, ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ níbí." Mo ní kó túmọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ tàbí kó kúrò lọ́nà. Fíránkì rí i pé n kò fẹ́ dìde, òun náà bá kúnlẹ̀ tì mí láti gbọ́ mi. Orúnkún rẹ̀ ṣe kẹ́kẹ́ bí igi gbígbẹ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé tí ẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bó bá ti ṣẹ̀ yín rí, ẹ foríjì í. Kò sí ẹni tó tètè wá ṣe fírídọ̀mù rẹ̀, àwa ẹbí la jẹ̀bi. Òun ni àkọ́bí. Wọ́n fẹ́ wó yàrá tí mò ń gbé nílé bàbá wa, òun nìkan ló lè gbà mí. Ẹ tú u sílẹ̀ fún mi kó máa bọ̀ wálé."

Bọ̀ọ̀dá ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ṣíbí ọ̀dà. "Súnbọ̀! Dìde ńbẹ̀! Ta ló ní ọmọ iṣẹ́ ni mí?"

Ṣùgbọ́n Bímbọ́ ti túmọ̀ rẹ̀ tán, ó sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, mo rí i lójú wọn. Fíránkì wo Bọ̀ọ̀dá láti ilẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó ní ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé yẹn.

Bọ̀ọ̀dá wo ṣíbí ọ̀dà. Ó ní òótọ́ ni.

Fíránkì ní, "O ò sọ fún wa. Ò ń bá wa pààrọ̀ igi nílé onílé, tìrẹ ń wó lẹ́yìn rẹ."

Bọ̀ọ̀dá ń fi àtàǹpàkò ha ọ̀dà ara ṣíbí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí láàánú. Fẹ́rẹ̀ẹ́.

Mo ní kò tíì parí, kí ọ̀gá jẹ nínú obì, kó súre, kó gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fírídọ̀mù kò pé. Fíránkì jẹ obì. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún lójú omi, àmọ́ ó gbé e mì. Nígbà tí Ẹ́dì rí i pé òyìnbó jẹ ẹyọ kan, ó ki ọwọ́ bọ àwo, ó jẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n má bàa ní Amẹ́ríkà kò tó bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó dùn. Irọ́!

Fíránkì wá mú òòlù onígi tiẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó gbé e lé Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì ló gbé Fíránkì dìde nílẹ̀, kò lè dá dìde mọ́.

Mo rò pé ó parí. N kò mọ̀ pé àwọn náà ní tiwọn. Ìwo kékeré kan jáde nínú àpò ẹnì kan, irin ni, bí fèrè. Àwọn òyìnbó tò sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú fìlà onífìlà lórí tò sí ọwọ́ òsì, wọ́n kojú sí ara wọn, ọ̀nà wà láàárín tó lọ tààrà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n fọn nǹkan náà, ohùn rẹ̀ gòkè, ó wálẹ̀, ó tún gòkè. Gbogbo wọn gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí ọmọ ogun tó ń kí ọ̀gá.

Bọ̀ọ̀dá mi tó ń bínú, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ nà gbọnrangandan. Ó gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún, ó jáde. Kò wẹ̀yìn. Èmi gbé abọ́ ìrẹsì tẹ̀ lé e.

Nínú bọ́ọ̀sì

A jókòó lókè bọ́ọ̀sì. Àwọn ilé tó jọra yẹn ń kọjá lábẹ́ wa.

Ó ní, "O ti ṣe mí tán, Súnbọ̀. Kò sí ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbàkigbà tó bá wù mí ni mo lè kúrò."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí kò wù yín?"

"Ta ni mo tún mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́? Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti kú. Níbẹ̀, mo wà lára nǹkan. Pákó tí mo dí wà lára ọkọ̀ yẹn."

"Ẹ tún lè padà lọ lẹ́yìn Iléyá."

"N ó padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti fọn fèrè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kì í yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Àbùkù ni. Àṣà àwa Néfì nìyẹn, o kò mọ̀, o fi há mi." Ó gbé òòlù sórí itan. Ó ní, "N ó bá ọ lọ. Àmọ́ n kò mọ ẹjọ́ ń dá. Ìwọ àti Làmídì, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń là yín. Kí n dí ihò nìkan ni mo mọ̀."

Mo ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ dájọ́? Kẹ́ ẹ sáà fi ìdí kan àga."

Mo ṣí abọ́, mo fún un ní ìrẹsì. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ó jẹ ẹ́ tán.

Ilé

Ẹ rí wa nígbà tí a dé, nítorí náà n kò ní sọ ti ìlù àti ariwo. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí ni kò dé etí yín pé.

Làmídì wá pẹ̀lú agbádá, ó mú bíríkìlà lẹ́yìn tòun ti téèpù ìwọnlẹ̀. Wọ́n gbé àga fún Bọ̀ọ̀dá. Kò jókòó! Mo fẹ́ yí ojú sí ògiri. Ó mú òòlù onígi yẹn, ó ń kan igi òrùlé àti fèrèsé láti iwájú dé ẹ̀yìn, kẹ́ kẹ́ kẹ́, ó ń fetí sí i bíi dókítà. Gbogbo ẹbí ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo ní, mo ti ná owó ọkọ̀ òfuurufú mi lórí wèrè.

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀yìn lágbára. Ọwọ́ iwájú ló ti jẹrà."

Ọwọ́ iwájú ni Làmídì ń gbé, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbé kú. Ó fò sókè. "Ọwọ́ iwájú tiwa? Kò jò rí! Ẹ̀yìn tiyín ló ń jò!"

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ẹ da omi sí i."

Wọ́n gbé omi gun òrùlé. Iwájú jò. Ẹ̀yìn jò. Wọ́n ń bú ara wọn, ọmọ ìyá tiwa níbí, ọmọ ìyá tiwọn lọ́hùn-ún, pé ta ló jò jù. Mo rí Bọ̀ọ̀dá, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹjọ́ kò sí lẹ́nu òun. Kí ẹ̀ka méjèèjì dí i, kí wọ́n wá da omi míì sí i lẹ́yìn Iléyá, ká mọ àwọn tó jẹ́ ọmọ bàbá wọn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ẹ̀tàn ṣe é, kí àwọn ọmọ ìyá tiwa mú iwájú. Kí Làmídì àti àwọn tiẹ̀ mú ẹ̀yìn.

Làmídì bọ́ agbádá kí ó tó ronú. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ju òun lọ. Ìgbà tó máa fi yé e pé òrùlé yàrá mi lòun ti gbà láti tún ṣe, àwọn ìyàwó ilé ti pàtẹ́wọ́, bíríkìlà ti ká téèpù rẹ̀, ó ti lọ. Bọ̀ọ̀dá wá jókòó sórí àga wàyí, wẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun.

Láti ọjọ́ náà, n kò tíì sinmi. Ìyẹ̀fun igi wà nínú ọbẹ̀ mi, òórùn ọ̀dà wà nínú aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bú ara wọn láti orí òrùlé kan dé èkejì láti àárọ̀ dé alẹ́. Bọ̀ọ̀dá ń rìn káàkiri, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń ní kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Lánàá, mò ń to ike mi, ohùn kan ń pè láti orí yàrá mi. Làmídì ni. Àkàbà fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n bá òun dì í mú.

"Súnbọ̀!" N kò dáhùn. Mò ń ka abọ́.

"Àǹtí Súnbọ̀!" N kò gbọ́. Àkàbà ti ń mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi!"

Mo sọ abọ́ kalẹ̀, mo lọ di àkàbà mú.